Ọmọ 100 level ni mí, mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ olóòtú jọ́nà òfin. Ṣé kí n dúró ni?

Tuntun_Ní_Òfin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Jọ́nà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin wa ń wá igbákejì olóòtú. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà, ká fi ohun kan tá a ti kọ rí ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ká ṣe ìdánwò àtúnṣe. Mi ò tíì débi Contract, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Constitutional Law. Ṣé kí n ní sùúrù di 200 level ni? Kí sì ni wọ́n ń wò nínú ìdánwò yẹn?

Olóòtú_Àgbà
Má dúró, àbúrò. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ 100 level wá sọ bóyá àlàyé òǹkọ̀wé lórí Contract múná dóko. Ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì mú lè ṣe é láti ọdún kìn-ín-ní.

Kọ́kọ́ bèèrè ìlànà ìtọ́kasí tí wọ́n ń lò: OSCOLA ti Yunifásítì Oxford ni àbí ti NALT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin Nàìjíríà. Má da méjèèjì pọ̀. Ní OSCOLA, italics (lẹ́tà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́) ni orúkọ ẹjọ́ ń gbà, kò sí àmì ìdánudúró lẹ́yìn v tàbí láàárín NWLR (Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tí wọ́n ń tẹ ìdájọ́ sí), àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà níparí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan. Àkámọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. *Donoghue v Stevenson* [1932] AC 562 gba àkámọ́ onígun, torí ọdún yẹn la fi ń mọ ìdìpọ̀ tá a máa ṣí. *Abacha v Fawehinmi* (2000) 6 NWLR (Pt 660) 228 gba àkámọ́ roboto, torí nọ́ńbà Part (Pt) ti tó láti fi wá a rí. 228 yẹn, ojú ìwé tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lásán ni. Bí òǹkọ̀wé bá yá ọ̀rọ̀ adájọ́ lò, ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Wò ó dáadáa nínú ìdánwò.

Láíbìrì_Lójoojúmọ́
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìrísí nìyẹn. Ohun tó ń ba orúkọ jọ́nà jẹ́ ni ẹjọ́ tí kò sọ ohun tí òǹkọ̀wé ní ó sọ. Ṣí law report fúnra rẹ, kí o ka ìdájọ́. Má dúró lórí headnote, ìyẹn àkópọ̀ tó ṣáájú ìdájọ́, torí adájọ́ kọ́ ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ náà nílé ẹjọ́ tó ga jù èyí tó kọ́kọ́ dá a. Àpilẹ̀kọ lórí ogún obìnrin kì í sábà ṣaláì mẹ́nu ba *Mojekwu v Mojekwu* (1997) 7 NWLR (Pt 512) 283. Ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bẹnu àtẹ́ lu bí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe dẹ́bi fún àṣà tí kò jẹ́ kí obìnrin jogún nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn síwájú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹjọ́ ti di *Mojekwu v Iwuchukwu*, ẹni tó bá ń fi orúkọ àkọ́kọ́ wá a lè má rí i. *Ukeje v Ukeje* (2014) 11 NWLR (Pt 1418) 384, tó dúró lórí abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 láti fọwọ́ sí i pé ọmọbìnrin lè jogún bàbá rẹ̀, ló yẹ kí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì.

Ẹjọ́ tí ChatGPT bá sì kó fún ọ, bí o kò bá fojú rí i nínú law report, yọ ọ́. Ní 2023, nínú *Mata v Avianca* ní New York, $5,000 ni owó ìtanràn tí wọ́n bù fáwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò sí rárá wá síwájú adájọ́.

Tuntun_Ní_Òfin
Ẹ ṣeun gan-an ni. Iṣẹ́ tí mo kọ fún Legal Methods nìkan ni mo ní. Ṣé wọ́n á gbà á?

Olóòtú_Àgbà
Ó tó. Gé e sí iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n béèrè, kí o sì tún gbogbo ìtọ́kasí rẹ̀ ṣe, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Nínú ìdánwò, tan Track Changes, tó ń fi gbogbo àtúnṣe rẹ hàn, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Má tún gbólóhùn òǹkọ̀wé kọ kìkì nítorí pé kò dùn mọ́ ọ. Bí ìtumọ̀ kò bá yé ọ, fi ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé tí o kò rí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò rí i.

Tún bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Bó bá bọ́ sí ìgbà ìdánwò sẹ́mísítà, sọ fún olóòtú kí o tó gba fáìlì, torí wọn kò lè to ojú ìwé jọ́nà títí àpilẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ rẹ fi máa dé.