Àìdárúkọ kì í ṣe àìlórúkọ

Àbá kan wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò nípa bí ènìyàn ṣe ń ti ara àpẹẹrẹ kọ́ láti pín nǹkan sí ìsọ̀rí. Ó ní kí a máa pe àpẹẹrẹ tí olùkọ́ bá sọ irú ohun tó jẹ́ ní "àpẹẹrẹ olórúkọ", kí a sì pe èyí tó kàn gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ láìsọ nǹkan kan ní "àpẹẹrẹ aláìlórúkọ". Olórúkọ ṣì ṣeé fara mọ́. Aláìlórúkọ ni kò bá ọ̀rọ̀ mu, torí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ rí ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí à ń wí yìí ní orúkọ tirẹ̀. Wọn ò dá a sí akẹ́kọ̀ọ́ létí ni. "Dárúkọ" gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a nílò. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" àti "àì-" sí i, àpẹẹrẹ àdárúkọ àti àpẹẹrẹ àìdárúkọ ló dé yẹn.

Ẹni tó bá ní àríyànjiyàn lásán nìyí, kó wo bí a ṣe lè kọ́ ènìyàn ní obì ṣíṣà ní Ṣágámù, ìlú Rẹ́mọ tí òwò obì ti so mọ́ ilẹ̀ Haúsá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Irú obì méjì ló wà lórí àtẹ: gbànja, tí àwọn Haúsá ń pè ní goro, àti àbàtà. Bí a bá ti bó èèpo funfun ara wọn tán, awẹ́ ló ń ya wọ́n: gbànja kò ju awẹ́ méjì lọ, àbàtà a máa ní mẹ́ta títí dé mẹ́fà. Àwọ̀ ò dá ẹjọ́ yìí rárá. Pupa wà nínú méjèèjì, funfun náà sì wà.

Kí ìyá olóbì wá mú gbànja pupa mẹ́ta, kó ní "gbànja nìyí, gbànja nìyí, gbànja nìyí". Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ á gbà pé obì pupa ni gbànja. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú; ó rò ó pé mẹ́ta kì í ṣàdéédéé jọra tó báyẹn. Fei Xu àti Joshua Tenenbaum, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé irú èrò yìí ní 2007: àpẹẹrẹ àdárúkọ kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí ènìyàn na orúkọ náà gbòòrò, àmọ́ mẹ́ta tó jọra pẹ́kípẹ́kí á fún un pọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Gbànja pupa kan, gbànja funfun kan, àbàtà pupa kan, àbàtà funfun kan: mẹ́rin yẹn ti tó.

Ìgbà náà ni kí a tó da agbọ̀n obì yòókù, tí a ò dárúkọ, sílẹ̀ fún un. Bí agbọ̀n bá ṣáájú, tí a ní kó pín in bó ṣe wù ú, àwọ̀ ni yóò fi pín in. Medin, Wattenmaker àti Hampson rí i ní 1987 pé ẹni tí a bá ní kó fúnra rẹ̀ pín nǹkan sábà máa ń di àbùdá kan ṣoṣo mú, bí àwọn àbùdá yòókù tilẹ̀ para pọ̀ tọ́ka síbòmíràn.

Àmọ́ agbọ̀n tí a ò dárúkọ ohun inú rẹ̀ ń kọ́ni. Ibi tí "aláìlórúkọ" ti ṣì wá lọ́nà nìyẹn. Ní 2007, Xiaojin Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà fi àwọn àwòrán tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìrísí kan sí òmíràn han àwọn ènìyàn. Méjì péré ni wọ́n dárúkọ. Èyí tí wọn ò dárúkọ ṣù jọ sí ojú méjì, àlàfo sì wà láàárín. Ààlà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi sáàárín ìsọ̀rí méjèèjì tẹ́lẹ̀ sún lọ bá àlàfo náà, láìsí ẹni tó sọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbànja ńlá àti kékeré ṣe lè rí: ọ̀gá lè nawọ́ sí ẹyọ kan-kan, kí agbọ̀n fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo o. Obì tó máa dé Kano láìbàjẹ́ kò ní àmì kan pàtó: líle rẹ̀, omi ara rẹ̀, àbàwọ́n, ihò kòkòrò, gbogbo rẹ̀ la máa pa pọ̀ wò. Nínú irú ìsọ̀rí àpapọ̀ báyìí, Vandist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2009 pé àfikún àpẹẹrẹ àìdárúkọ kò fi nǹkan kan kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Kí olùkọ́ máa dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, lójú ẹsẹ̀. Maddox, Ashby àti Bohil fi hàn ní 2003 pé bí ìdáhùn olùkọ́ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 péré pẹ́, irú ẹ̀kọ́ yìí á ṣá.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ ká ya "ọ̀wọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìsọ̀rí", tí àwọn kan ń lò bí ohun kan náà. Ìṣùjọ tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí nínú agbọ̀n ni ọ̀wọ́. Ó di ìsọ̀rí nígbà tí a bá dárúkọ lé e. Ní ti "ẹ̀kọ́ alámùúlùmálà" tí wọ́n dábàá fún ẹ̀kọ́ tó pa àdárúkọ àti àìdárúkọ pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu tó ń da èdè pọ̀ mọ́ èdè la fi ọ̀rọ̀ yẹn ń bú. "Ẹ̀kọ́ adárúkọ-díẹ̀" sàn jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú àbá náà: àṣìdárúkọ, àpẹẹrẹ tí olùkọ́ pè ní ohun tí kò jẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àdárúkọ, ẹyọ kan lè má ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Nínú mẹ́rin, ó lè sún ààlà kúrò láyè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi ààlà tó wọ́ yẹn dárúkọ agbọ̀n tó kù fúnra rẹ̀, á sì ka èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dárúkọ mọ́ ẹ̀rí pé òun mọ̀ ọ́n.