Kí ló fa ìjà Thomas Mann àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwọn òǹkọ̀wé Jámánì, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni Heinrich Mann fi ju Thomas lọ. 1871 ni wọ́n bí Heinrich ní Lübeck, ní Jámánì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Thomas gbè sẹ́yìn ìjọba, Heinrich ní òun ò bá wọn lọ́wọ́ sí ogun. Nígbà tí Heinrich wá kọ àròkọ kan nípa Zola, òǹkọ̀wé ará Faransé, lọ́dún 1915, Thomas gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń fi òwe bá wí. Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọdún 1922, tí àìsàn gbé Heinrich dè, ni wọ́n tó parí ìjà.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìkan ni, àbí owú wà níbẹ̀? Ṣé ìyá wọn, tí wọ́n bí ní Brazil, dá sí i? Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sá fún ìjọba Hitler, tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, Thomas ló ń fowó ran Heinrich lọ́wọ́. Àbúrò ń gbọ́ bùkátà ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà mọ bó ṣe máa ń rí lára àgbà! Báwo ni Heinrich ṣe gbà á?