Wọ́n ní "Pastel het Pied" ni ball python mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ẹlẹ́jò, ẹ kú ìtọ́jú o. Mo ra abo ball python (irú erè kan) lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹni tó tà á ní "Pastel het Pied" ni. Mo mọ̀ pé irú àwọ̀ ni Pastel àti Pied, Pied sì ni èyí tó ní funfun lára. Nígbà tó wà ní kékeré, ara rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ní báyìí ó ti ṣú, mi ò sì rí funfun kankan lára rẹ̀. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì? Fọ́tò rẹ̀ nìyí.

Ìyá Erè: Ẹ má tíì bínú. Bí Pastel ṣe ń dàgbà ló ń ṣú. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, orí ni kí ẹ wò. Àtàrí Pastel máa ń ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa, ètè rẹ̀ a mọ́lẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ a sì fara jọ àwọ̀ ewé. Mo rí ti orí àti ètè. Ti ojú ò hàn, torí iná pupa lẹ fi yà á. Ẹ tún un yà lójúmọmọ. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ bọ́ awọ pàápàá?

Onísùúrù: Ní ti funfun tí ẹ ń wá, ẹ ò lè rí i. Àfi kí ejò gba jíìnì Pied lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kí funfun tó jáde. Ẹyọ kan ni het, ìyẹn ejò tó gbé jíìnì náà láìfi hàn, ní. Bó bá ní funfun bẹ́ẹ̀, Pied gan-an nìyẹn, kì í ṣe het mọ́.

Àbúrò Ẹlẹ́jò: Ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè. Het Pied máa ń ní ilà dúdú méjì tó lọ títí dé ìrù. Tèmi ní in!

Onísùúrù: Àbúrò, èmi náà ní ọ̀kan tó ní ilà yẹn, kò sì sí Pied nínú ìran rẹ̀ tí mo mọ̀. Ilà ikùn lè mú èèyàn fura, kò lè jẹ́rìí. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ DNA wò nínú awọ tó bọ́ ló lè sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi akọ Pied gùn ún: bó bá jẹ́ het, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ Pied tàbí kó má jẹ́, ọgbọọgba ni. Pied kan péré ti tó ẹ̀rí. Àmọ́ bí ọmọ 6 bá jáde láìsí Pied, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí het ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 64.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní Pied ni bàbá rẹ̀, Pastel ni ìyá.

Ìyá Erè: Háà! Bó bá jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Gbogbo ọmọ tí Pied bá bí ló ń gba jíìnì yẹn, kò sí "bóyá" níbẹ̀. Ká ní het ni bàbá àti ìyá méjèèjì ni, ìgbà yẹn ni wọ́n á kọ "66% het" sára àwọn ọmọ tí kò ní funfun, torí 2 nínú 3 wọn ló ń gbé e. Ẹ ní kó fi fọ́tò bàbá ránṣẹ́.

Olùbéèrè: Ó ní fóònù tí fọ́tò yẹn wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Bàbá Spider: Fóònù wọn kì í pẹ́ bàjẹ́! Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe Spider, irú àwọ̀ mìíràn, ni wọ́n tà fún yín. Tèmi ń mi orí bí ẹni tó mutí yó, jíìnì tó fún un ní àwọ̀ Spider náà ló fà á.

Onísùúrù: Ẹ fi awọ ránṣẹ́, ẹ fi fóònù sílẹ̀.

Olùbéèrè: Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti àná. Ìyá Erè, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé ó fẹ́ bọ́ awọ. Mo ti wá àpòòwé sílẹ̀, awọ ni mò ń dúró dè.