«Olùgbà» kọ́ ni receptor

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó gbé «olùgbà» kalẹ̀ bí orúkọ Yorùbá fún receptor (purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tí oògùn tàbí ohun tí ara ń ṣe ń so mọ́ láti fi rán iṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì) ní kí ẹni tó bá rí àléébù níbẹ̀ sọ ọ́ jáde. Àléébù wà níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó sì jọ pé ẹ kò wo ilé yìí dáadáa.

Olù- kò bí mi nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn la sábà ń fi pè: olùkọ́, olùṣọ́, olùtọ́jú. Gbà ni ìjà wa. Ẹni tó bá gbọ́ «olùgbà» láìsí ohun tó tẹ̀lé e á rò pé owó ni wọ́n wá gbà. Kí tiẹ̀ ni receptor ń gbà?

Ẹ wo morphine, oògùn ìrora tó lágbára. Receptor tó ń bá ṣiṣẹ́ jù, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà Gíríìkì mu pè, okùn purotéènì kan ṣoṣo ni. Ó gún awọ sẹ́ẹ̀lì já nígbà méje, orí rẹ̀ wà níta, ìdí rẹ̀ wà nínú. Morphine á ti ìta wá jókòó sínú àfo tó wà láàárín òpó méjèèje, purotéènì náà á sì lọ́ díẹ̀. Lílọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Òun ló ń ta G-protein, purotéènì kan tó ń gbé iṣẹ́ kiri nísàlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, jí. G-protein á pín sí méjì: apá kan á dẹ́kun ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cAMP (ohun kékeré tó ń jẹ́ iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì), apá kejì á ti ilẹ̀kùn kálíṣíọ̀mù, á sì ṣí ti potasíọ̀mù. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí iṣan tó gbé ìrora bọ̀ láti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ti ń fi iṣẹ́ rán èkejì, àìwọlé kálíṣíọ̀mù ni kì í jẹ́ kí ẹnu iṣan àkọ́kọ́ tu glutamate àti substance P, àwọn kẹ́míkà tó ń gbé iṣẹ́ ìrora lọ, jáde tó bó ṣe yẹ. Potasíọ̀mù tó ń jáde lára èkejì ló ń mú kó ṣòro láti ta á jí. Morphine ńkọ́? Kò bá ibẹ̀ wọlé rárá. Bó ṣe ti ìta wá náà ló ṣe já bọ́ padà síta. Ta ló wá gba kí ni?

Ohun tí mo fi lélẹ̀ ni ajẹ́pè. Wọ́n pè é, ó jẹ́ ìpè, ìyípadà sì bá ilé. Ọ̀rọ̀ ìpè yìí náà ló pa «agboògùn», ohun tó ń gba oògùn, tí àbúrò wa kan mú wá. Ní 1973 ni wọ́n fi ẹ̀rí hàn ní Baltimore, New York àti Uppsala pé ibi tí àwọn oògùn bíi morphine ń so mọ́ wà nínú ọpọlọ. Nígbà tó di 1975, wọ́n rí enkephalin ní Aberdeen, ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi pe ibẹ̀. Ara ló ni ìpè, àlejò tó mọ ohùn onílé sín jẹ ni oògùn. Ẹ má fi orúkọ àlejò sọ ọmọ onílé.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, bó bá jẹ́ ajẹ́pè, naloxone ńkọ́, oògùn tí wọ́n fi ń dá agbára morphine dúró, tó jókòó síbẹ̀ tí kò sí ìdáhùn? Ibẹ̀ gan-an ni «olùgbà» ti lè pa ènìyàn. Nọ́ọ̀sì tó bá kà pé receptor «ti gbà á» á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Naloxone kì í pè, ńṣe ló ń gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń pè. Bí èémí aláìsàn bá ti fẹ́ dá nítorí oògùn tó pọ̀ jù, wọ́n á fún un ní 0.4 sí 2 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bí kò bá yí padà. Ó lè mí kanlẹ̀, kó jókòó, kó ní òun ń lọ ilé. Ẹ má jẹ́ kó lọ. Agbára naloxone kì í sábà ju 30 sí 90 ìṣẹ́jú lọ, methadone, oògùn mìíràn bíi morphine, á sì wà lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí adínà bá kúrò, olùpè á padà. Ti tramadol, oògùn ìrora mìíràn, tún burú sí i, nítorí kì í ṣe lára receptor mu nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́: gìrì tó lè fà kì í gbọ́ ti naloxone.

Pentazocine, oògùn ìrora tí wọ́n ń gún fún oní-fòníkú-fọ̀ladìde ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa náà ń pe receptor mìíràn tó ń jẹ́ kappa, àmọ́ ó ń dí receptor mu lápá kan. Ẹni tí morphine ti mọ́ lára, bí wọ́n bá gún un ní pentazocine, òógùn àti èébì ni, ìrora á sì tún gbérí. Ẹ fi «olùgbà» ṣàlàyé ìyẹn kí n gbọ́.

Paracetamol àti ibuprofen kò sí nínú ìjíròrò yìí rárá, ẹ yé kó wọn mọ́ ọn. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe prostaglandin, kẹ́míkà tó ń dá kún ìrora, ni ibuprofen ń dí. «Apàrora» lè kó gbogbo wọn pọ̀, kò burú. Ẹni tó bá ń fẹ́ «apìrora» nítorí òpìtàn, kó máa lò ó, èmi kò bá a jà.

Àwọn tó ní ká kọ «rìsẹ́pítọ̀» ká sì sùn, mo gbọ́ yín. Àwọn àgbà tó hun èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun ìmọ̀, fún wa gba fónẹ́ẹ̀mù àti mọ́fíìmù, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè láti inú Gẹ̀ẹ́sì, wọlé láìtijú, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ wá inú àpò wò. Ẹ̀yin kò tíì tú àpò.

Ó ku ti Ọ̀mọ̀wé tó ní kò sí aláìsàn tí yóò rí ajẹ́pè lára páálí oògùn tí kò ní kà á sí «àjẹ́ pè». A ohùn àárín ni tèmi, à ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ìyá ayé. Bí àwọn tó ń tẹ páálí kò bá fi àmì ohùn sí i, àwọn ni kí Ọ̀mọ̀wé lọ bá jà. Àbá rẹ̀ pé kí a kọ ọ́ ní «ajẹ́ẹ̀pè» kò wọlé sí mi létí: ta ló ń sọ pé «agbọ́ọ̀ròyìn»?