Ihò mẹ́rin ló kù nínú álíbọ́ọ̀mù pẹ́nì Lincoln mi, gbogbo wọn ló gbówó lórí, báwo ni kí n ṣe é?

Ìyá Pẹ́nì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ kó owó dà sínú kòtò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kó pẹ́nì Lincoln ti Amẹ́ríkà jọ, àwọn tó ní ṣírí ọkà méjì lẹ́yìn yẹn, álíbọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ láti 1909 tó parí sí 1940. Níbẹ̀rẹ̀ ayé dùn, ọjọ́ kan ṣoṣo mo lè dí ihò mẹ́wàá, nígbà tó yá ó di ẹyọ kan lóṣù, ó tún yá ó di ẹyọ kan lọ́dún, ní báyìí mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù àmọ́ àwọn mẹ́rin yẹn nìkan á gba owó ju gbogbo èyí tí mo ti kó jọ látọjọ́ yìí lọ. Àwọn náà ni 1909-S tó ní VDB (lẹ́tà orúkọ ẹni tó ya owó náà), 1914-D, 1922 tí kò ní D, àti 1931-S. S ni àmì ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ní San Francisco, D ni ti Denver.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, ibi tó ṣófo yẹn lojú mi ń lọ tààrà. Kì í kúkú ṣe èjí, eyín tó ká ni.

Ṣé kí n ra èyí tó ti gbó tí ojú Lincoln ò hàn dáadáa mọ́, kí n ṣáà ti dí i? Àbí kí n máa tọ́jú owó títí màá fi ra èyí tó dáa? Ẹnì kan ní kí n ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ tàbí tó ti fara gba ọgbẹ́ torí pé ìyẹn kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ní kí n lọ ra ayédèrú tí wọ́n kọ COPY sí lára. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ní kí n fi bọ́tìnnì dí i. Mi ò dá a lóhùn.

Ohun tó jẹ́ kí n sáré wá ni pé ẹnì kan fẹ́ ta 1914-D fún mi, iye tó pè é ò tó ìdajì iye táwọn tó kù ń pè é, ó láwọn míì ti ń bèèrè ẹ̀ o, kí n tètè fèsì.

Ẹ̀gbọ́n Aláwò:
Má tíì sanwó o! Dúró ná. Sọ fún un kó ya àwòrán ẹ̀ tó súnmọ́ dáadáa fún ẹ, kó o wo abẹ́ èjìká Lincoln, níbi tó ti fẹ́ẹ́ kan etí owó yẹn, ṣé wàá rí VDB níbẹ̀. Tó o bá rí i, kì í ṣe 1914. Victor David Brenner ló ya owó yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà orúkọ ẹ̀ sí ní 1909, àwọn èèyàn ní ó ti hàn jù, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi yọ ọ́, 1918 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá a padà ní wínníwínní sábẹ́ èjìká. Torí náà 1914 kankan ò gbọ́dọ̀ ní VDB níbikíbi.

Ohun táwọn oníjìbìtì máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú 1944-D, tí kò wọ́n rárá, wọ́n á ha 4 àkọ́kọ́ títí yóò fi di 1. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn á ha VDB náà dànù, àmọ́ wọn ò lè sún nọ́ńbà, àyè tó wà láàárín 9 àti 1 á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń lé ẹ pé kó o tètè sanwó, ìwọ náà rọra máa ṣe é lọ́ra lọ́ra.

Kọ́bọ̀kọ́bọ̀:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ fi 1922 náà kún un o mà, wọ́n máa ń ha D kúrò lára 1922-D. Ọdún yẹn Denver nìkan ló rọ pẹ́nì, kò sí ibòmíì, nítorí náà gbogbo 1922 ló yẹ kó ní D, òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ló ti jẹ tán débi pé D ò jáde mọ́. Èyí táwọn èèyàn ń wá gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń hàn ketekete, 2 tó kẹ́yìn sì máa ń mú ju 2 tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti rí wúruwùru, ẹ fura.

Lójú tèmi ṣá, ìyẹn kì í ṣe ihò gidi. Àṣìṣe iṣẹ́ ni wọ́n sọ di owó ńlá. Ká ní èmi ni ẹ, màá fi 1922-D síbẹ̀, màá sùn fọnfọn.

Ìyá Pẹ́nì:
Hà, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù, "1922" lásán, báwo ni màá ṣe máa wo 1922-D méjì?

Bàbá Ògbólógbòó:
Àbúrò, ẹ̀ẹ̀kan náà lò ń bèèrè ọ̀rọ̀ ihò mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ́n yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Wo 1931-S. 866,000 ni wọ́n rọ. 1914-D, 1,193,000 ni wọ́n rọ. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà nìkan á rò pé 1931-S ló máa wọ́n jù, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1931 àwọn èèyàn ti gbọ́ pé kò pọ̀, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sílé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó ń bẹ lọ́jà lónìí ṣì dáa lójú. 1914-D ní tiẹ̀, ta ló rí tiẹ̀ rò? Wọ́n ná an, wọ́n ná an títí ó fi gbó, ìgbà táwọn èèyàn fi máa mọ̀ pé kò pọ̀, èyí tó ṣì dáa kò tó nǹkan mọ́.

Torí náà, 1931-S, àlàfo owó tó wà láàárín èyí tó gbó àti èyí tó dáa kò pọ̀, fi díẹ̀ kún un kó o ra èyí tó dáa, má ra jákujàku. 1914-D, bó ṣe ń dáa sí i ni owó ẹ̀ ń fò sókè bí ẹni gun àkàsọ̀, ra G tàbí VG (ìyẹn èyí tó ti gbó àmọ́ tó ṣì ṣeé wò) tó mọ́, tí ọdún àti D ẹ̀ hàn kedere, ó tó ẹ. Àwọn tó kù nínú álíbọ́ọ̀mù ẹ ṣebí wọ́n ti gbó náà? Tó o bá lọ fi èyí tó ń dán yanran sáàárín wọn, òun ló máa wá dà bí àlejò.

1909-S VDB, fi ìyẹn sẹ́yìn pátápátá. 484,000 ni wọ́n rọ, àwọn èèyàn sì tọ́jú ẹ̀ torí pé owó tuntun ni nígbà yẹn, kì í ṣe pé kò sí, gbogbo ayé ló fẹ́ ẹ. Èyí tó ti gbó pàápàá ṣì ń pa èèyàn lẹ́kún. Ìyẹn ni má ṣe rà láìjẹ́ pé ó wà nínú ike líle ti PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò, torí wọ́n máa ń lẹ S mọ́ 1909 VDB ti Philadelphia tí kò ní àmì kankan, èyí tó pọ̀ bí yanrìn.

Kọ́bọ̀kọ́bọ̀:
Bàbá ẹ ṣeun, mi ò ronú ẹ̀ báyìí rí.

Aya Ológe:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kó ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ o. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀, 1914-D náà ni, ó ń dán pọ́nyẹ́nrẹ́n bí ẹni tí wọ́n fi eérú bó, lójoojúmọ́ ló ń bí mi nínú. Ọgbẹ́ kékeré sàn, ó kéré tán ọgbẹ́ ní ìtàn. Nígbà tí mo fẹ́ tà á, gbogbo ẹni tó bá wò ó á kàn dá a padà sí mi lọ́wọ́.

Mà, ike líle kò ní wọ inú ihò o, ẹ sì má fọ́ ọ jàre, torí ẹ̀rí ẹ̀ lẹ ń fọ́ yẹn. Mo gé bébà róbótó, mo kọ "ó wà nínú àpótí" sí i, mo fi sínú ihò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n Aláwò:
Mo ti rẹ́rìn-ín tán. Àmọ́ ó sàn ju bọ́tìnnì lọ.

Ti COPY yẹn, kò burú tó bá jẹ́ kó lè ríran wò nìkan. Òfin Amẹ́ríkà láti 1973 ni pé kí wọ́n kọ COPY sí i lára gbangba. Wàhálà ẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí o ò bá sí ńlé, ẹni tó bá jogún ẹ̀ lè má mọ̀.

Ìyá Pẹ́nì:
Ẹ gbọ́ o. Mo ní kó fi àwòrán ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ ń yọ mí lẹ́nu pé fóònù òun ò dáa, mo ní mi ò kánjú. Alẹ́ àná ló wá fi ránṣẹ́. Mo fẹ àwòrán yẹn títí, VDB kò sí, mo ti ń yọ̀, mo ní kí n wo àyè tẹ́ ẹ sọ. Láàárín 9 àti 1, yàrá kan lè wọbẹ̀! Abẹ́ èjìká náà sì rí bíi pé nǹkan ti ha á. Mo bi í léèrè pé ṣé ó máa jẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ná. Kò tíì fèsì di báyìí.

Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe wí ni màá ṣe. Ẹ̀dà tí mo ní méjìméjì ni màá kọ́kọ́ tà, kí n fi ra 1931-S tó ṣe é wò. 1914-D tó gbó lé e. 1922 ni mi ò tíì mọ̀.

Bàbá Ògbólógbòó:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti rí 1931-S yẹn, ya iwájú, ya ẹ̀yìn, gbé e síbí kó o tó sanwó.

Kọ́bọ̀kọ́bọ̀:
Mà, 1922-D yín méjì ń kí yín o 😂