Géèmù oníkọ́ìn ayé ìgbà yẹn wo ló yẹ kí wọ́n gbé wá sórí PS àti Switch?

OnigeemuLagere:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo ní ilé géèmù kékeré kan ní Lagere níbí, àwọn ọmọ OAU àtàwọn ọmọ àdúgbò ló ń wá. Láàárọ̀ bọ́ọ̀lù, lọ́sàn-án bọ́ọ̀lù, lálẹ́ bọ́ọ̀lù, èèyàn méjì á mú pàádì, àwọn yòókù á dúró sẹ́yìn wọn máa pariwo. Mo wá ń rò ó pé géèmù oníkọ́ìn ayé ìgbà yẹn ló bá irú ibi tiwa yìí mu jù, torí ibi tí èrò pọ̀ sí tí olúkúlùkù ń dúró de ìgbà tiẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, o sọ kọ́ìn sí i, kó o tó mí o ti wà nínú ìjà, kò sí pé à ń wo fíìmù gígùn kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, kò sí pé ó fẹ́ dánlóòdù kiní kan, tó o bá kú, ẹlòmíì á gba pàádì. Ohun tá à ń wá nìyẹn!

Èyí tí mo fẹ́ jù ni Cadillacs and Dinosaurs, tá a máa ń pè ní Mustapha. Capcom ló ṣe é ní 1993, èèyàn mẹ́ta lè gbá a pa pọ̀, sítéèjì 8 péré, láti ìgbà yẹn wọn ò gbé e sórí kónsó kankan, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù ilé bíi PS àti Switch. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ rántí sítéèjì kẹta tẹ́ ẹ ti máa wọnú mọ́tò, tẹ́ ẹ ń fi í gbá àwọn jàǹdùkú orí ọ̀kadà dànù títí tẹ́ ẹ fi máa bá ọ̀gá wọn Hogg. Irú nǹkan báyẹn kò gbọdọ̀ parun. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ fẹ́, kí ló sì fà á tí Mustapha ò fi jáde?

IjesaGidi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú u lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló dè é mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé Capcom ò lè ṣe é. Inú ìwé kọ́míìkì Xenozoic Tales tí Mark Schultz ń ṣe láti 1987 ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn, orúkọ Cadillac fúnra ẹ̀ tún jẹ́ ti General Motors, tí wọ́n bá fẹ́ tà á lónìí ìlẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó jáde lórí kónsó Sega CD o, èyí tó jáde ní 1994 yẹn, Rocket Science Games ló ṣe é, géèmù míì pátápátá ni, mọ́tò lẹ kàn máa wà tẹ́ ẹ máa yìnbọn.

Àmọ́ mi ò gbà pé kò ṣe é ṣe. Ẹ wo The Punisher, 1993 náà ni, Capcom náà ni, Marvel ló lorúkọ, lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbé sórí kónsó Sega Genesis láyé ìgbà yẹn, ó sùn títí di 2024 kó tó jáde nínú Marvel vs. Capcom Fighting Collection lórí PS4 àti Switch. Wọ́n tún bá àwọn tó ni Dungeons & Dragons sọ̀rọ̀ ní 2013, géèmù oníkọ́ìn méjèèjì tí Capcom fi orúkọ yẹn ṣe jáde lórí PS3 àti Xbox 360. Tí wọ́n bá rí i pé owó wà níbẹ̀ wọ́n máa lọ bá Mark Schultz. Àwa tá a fẹ́ ẹ ló yẹ ká máa pariwo sí wọn létí.

Aduke_Isokun:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mustapha dáa lóòótọ́ àmọ́ tèmi ni Alien vs. Predator ti 1994, mi ò lè fi ṣeré. Nílùú wa ní Iléṣà, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń gbá a, Linn Kurosawa sì ni mo máa ń mú, obìnrin tó gbé idà dání, tó bá ti wọ àárín àwọn Alien yẹn, ṣe ló máa ń ṣá wọn bí ẹni ń ṣánko, ìbọn ẹ̀ sì tún wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn Predator méjì tún wà tẹ́ ẹ lè mú, ẹ̀yin lẹ jọ ń jà, ẹ ò bára yín jà. Ojú TV kún fún kòkòrò burúkú látòkè délẹ̀, géèmù yẹn ò sì ń falẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lórí èyí ni pé bọ́ọ̀dù CPS-2 ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn pátákó inú ẹ̀rọ oníkọ́ìn Capcom, bátìrì kan wà nínú bọ́ọ̀dù yẹn tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí géèmù fi ń ṣí, bátìrì bá kú, géèmù ò ṣí mọ́ àyàfi ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀rọ ń kú. Capcom kó o sínú Capcom Home Arcade ní 2019, àmọ́ ẹ̀rọ tó dá dúró nìyẹn, ẹ máa ra odindi ẹ̀rọ lọ́tọ̀ ni, kò sí lórí PS tẹ́ ẹ ti ní nílé. Ọwọ́ Disney sì ni Alien àti Predator wà báyìí látìgbà tí wọ́n ti ra Fox ní 2019, ilé kan ṣoṣo ni, kí Capcom lọ bá wọn jàre.

SaboBoy:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe wàhálà tó báyìí, MAME, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù oníkọ́ìn, ti wà látọdún 1997, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà àbúrò mi ló wà báyìí.

OnigeemuLagere:
Àbúrò, mo gbọ́, MAME ti ṣe gudugudu méje, tí kì í bá ṣe àwọn tó ń ṣe é ọ̀pọ̀ géèmù yìí ì bá ti sọnù. Àmọ́ owó ni mò ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, mi ò fẹ́ fi ohun tí mi ò rà gba owó. Yàtọ̀ síyẹn, kónsó lóníbàárà mi mọ̀, pàádì mẹ́rin á kàn kọ́ ni, iná bá lọ, íńvátà á gbé e. Bí ẹni tó ṣe géèmù bá gbé e jáde fúnra ẹ̀, á tún kó nǹkan kún un, ẹ wo Capcom Arcade Stadium, o lè dá géèmù padà sẹ́yìn tó o bá kú, o lè jẹ́ kó rọra lọ fọ́mọdé. Ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á lè bá wa gbá a.

Moore_Racing:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìjà, ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́tò. Scud Race! Sega, 1996, orí bọ́ọ̀dù Model 3, kò kúrò nínú ẹ̀rọ oníkọ́ìn rí. Daytona USA 2 náà, 1998 ló jáde, 2023 ni wọ́n tó jẹ́ ká rí i nílé, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Sega Racing Classic 2, wọ́n sì fi í sínú Like a Dragon Gaiden. Inú mi ò dùn síyẹn rárá, ta ló fẹ́ ra géèmù ìtàn ńlá torí kó lè sáré mọ́tò díẹ̀? Kí wọ́n tà á lọ́tọ̀, kí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì pín ojú TV sí méjì. Ìyẹn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí lójú ẹ̀rọ oníkọ́ìn àga tìrẹ lọ́tọ̀ tèmi lọ́tọ̀ ni, nílé TV kan la ní, tí wọ́n bá gbé e wá tó jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan lèèyàn méjì ti lè bára wọn sáré, kò wúlò fún wa ní Ifẹ̀ níbí, dátà nìkan á jẹ èrè tán.

IjesaGidi:
Òótọ́ lo sọ @Moore_Racing. Èèyàn púpọ̀ níwájú TV kan, láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bojú tó nìyẹn.

@OnigeemuLagere kí Mustapha tó dé, ẹ wá Capcom Beat 'Em Up Bundle ti 2018 rà, géèmù 7 ló wà nínú ẹ̀. Armored Warriors àti Battle Circuit tó wà níbẹ̀ kò tíì jáde nílé rí kó tó di ìgbà yẹn.

OnigeemuLagere:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Èwo nínú méjèèje lèèyàn mẹ́rin ti lè gbá a pọ̀? Pàádì mẹ́rin ni mo ní, mi ò fẹ́ kí ọ̀kan wà nílẹ̀.

IjesaGidi:
Captain Commando àti Battle Circuit. Final Fight ò gbà ju méjì lọ, àwọn yòókù mẹ́ta mẹ́ta ni. Captain Commando ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń wa róbọ́ọ̀tì, àwọn ọmọ máa jà du òun.