Ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì tó jinlẹ̀ wo ni mo lè ṣe lórí sáìtì tó máa gba èrò púpọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ìbàdàn ni mo wà, Node ni mo fi ń kọ kóòdù, PostgreSQL sì ni database mi, ìyẹn ibi tí mo ń kó dátà pamọ́ sí. Èmi ni mo ṣe sáìtì tí àwọn ilé ìwé kan fi ń gbé èsì ìdánwò jáde, lọ́jọ́ lásán kò sí wàhálà kankan, àmọ́ tí èsì bá ti jáde báyìí, tí òbí àtọmọ bá ya bò ó pa pọ̀, á kàn máa yí ṣáá ni, kò ní ṣí, fóònù mi ò sì ní sinmi. Gbogbo fídíò tí mo ń rí ò kọjá bí wọ́n ṣe ń ṣe login. Èyí tó jinlẹ̀ ni mo ń wá: caching (fífi ìdáhùn pamọ́ kéèyàn má baà tún wá a), queue (títo iṣẹ́ sórí ìlà), load balancing (pípín èrò sórí server púpọ̀), bí database ṣe ń gbé ẹrù tó wúwo. Dọ́là ti wọ́n jù fún mi, tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, inú mi á dùn gan-an. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ lọ wo ti MIT, Distributed Systems, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ṣe ń pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. 6.824 ni nọ́ńbà ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 6.5840 báyìí. Fídíò tí Robert Morris fi kọ́ wọn ní 2020 wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ má wo fídíò nìkan o, inú lab ni ẹ̀kọ́ wà, èdè Go ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ MapReduce, ìyẹn ọ̀nà pípín iṣẹ́ ńlá fún kọ̀ǹpútà púpọ̀, ẹ tún máa kọ Raft, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn server fi máa ń fẹnu kò sórí ohun kan náà kódà tí ọ̀kan bá kú láàárín wọn. Raft yẹn le o! Test á yege lọ títí, á ṣàdédé já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Mọ̀mí Backend: Kọ́ọ̀sì tó dáa ni àbúrò mi dárúkọ, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Èsì ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan la ń kọ ọ́ sínú database, lẹ́yìn ìyẹn kíkà ni gbogbo ayé ń kà á, kí ló kan Raft níbẹ̀? Ìwọ tó béèrè, níbo gan-an ló ti ń há? Ṣé o ti fi EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi bí PostgreSQL ṣe ń wá nǹkan hàn, wo query (ìbéèrè sí database) tó ń wá èsì yẹn? Tí o ò bá sì fọwọ́ kan ètò PostgreSQL, 100 connection péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wá PgBouncer síwájú ẹ̀, kí èrò púpọ̀ lè máa pín connection díẹ̀ lò. Kọ́ọ̀sì tó bá ọ̀rọ̀ ẹ mu ni ti Carnegie Mellon, 15-445, ti Andy Pavlo, database látòkè délẹ̀, fídíò ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. C++ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, tíyẹn ò bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, fídíò nìkan ṣì máa là ẹ́ lójú.

Ará London: Ẹ fi ti Martin Kleppmann kún un, èyí tó kọ́ ní Cambridge lórí distributed systems, kò gùn, ó sì yéni. Tí dátà bá wọ́n, ẹ máa wà á jáde lóru.

Adé Kódù: Full Stack Open ti Yunifásítì Helsinki náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, títí kan sátífíkéètì. Apá tó dá lórí container (dídi app pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò) àti CI/CD (dídán kóòdù wò àti gbígbé e jáde láìfọwọ́ ṣe é) á wúlò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mọ̀mí, mo ti wò ó o. "Seq Scan on results" ló kọ síbẹ̀! Àṣé gbogbo table ló ń kà tán nítorí nọ́ńbà ọmọ kan ṣoṣo. Mo ti fi index, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí nǹkan, sórí nọ́ńbà ìdánwò, ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn báyìí. Mo ti ń wa fídíò Pavlo jáde. Ṣé kí n tún fi Redis sí i, kó máa tọ́jú èsì sínú mẹ́mọ́rì fún caching?

Mọ̀mí Backend: O káre! Fi k6, irinṣẹ́ tó ń dán agbára sáìtì wò, dán an wò ná, jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún èèyàn ayédèrú ya lù ú, kó o wo ohun tó máa kọ́kọ́ há. Tó bá ṣì jẹ́ database ni, fi Redis sí i, èsì kì í ṣáà yí padà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú key ẹ̀ (orúkọ tí Redis fi ń wá nǹkan), má sì jẹ́ kí CDN, ìyẹn àwọn server tó ń pín ẹ̀dà ojú ìwé káàkiri, tọ́jú ojú ìwé èsì, kí òbí kan má baà ṣí i kó bá èsì ọmọ ẹlòmíì.